Káàdì Tí Ìbídùn Sọ Sílẹ̀

"Ojú rẹ ń sọ̀rọ̀!" Bọ̀dá Gbénró pariwo. "Ìbídùn, ojú rẹ ti tú gbogbo àṣírí tán!"

Ìbídùn fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pa á rẹ́. Ó ju káàdì méjèèjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí àpótí tí wọ́n fi ṣe tábìlì, ó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún jókòó. Lẹ́yìn wọn, àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń fa omi gun òkè wá sí ìlú ń bú ramúramù, ilẹ̀ sì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Kò sí ibòmíràn ní gbogbo Òkè-Ìrókò tí wọ́n ti lè kọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ yìí. Nínú ilé, lójú pópó, nínú ọkọ̀, Atọ́nà kò ní jẹ́. Hóró kékeré tí wọ́n fi sí Ìbídùn létí lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ kò fìgbà kan dákẹ́ láti ọjọ́ náà: jẹ èyí, má jẹ ìyẹn, yà sọ́tùn-ún, má tíì dá a lóhùn. Bó bá gbé káàdì dání nínú ilé, kó tó ṣẹ́jú, Atọ́nà á ti fi ohùn tó tutù bí omi àmù sọ fún un pé, "Sọ ọ́ sílẹ̀. O kò ní borí." Ariwo ẹ̀rọ omi nìkan ló lè bo ohùn yẹn mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí Ìbídùn àti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ fi ń pariwo mọ́ra wọn bí ẹni tó ń jà, nígbà tó jẹ́ pé bí èèyàn ṣe ń pa ẹnu àti ojú mọ́ ni wọ́n ń kọ́.

"Ẹ tún un sọ, Bọ̀dá mi! Èwo ló ju èwo lọ?"

Bọ̀dá Gbénró sún mọ́ ọn. Ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìgbànú rẹ̀ ró ṣaworo. Òun nìkan ló ń rìn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ládùúgbò yẹn. Ilẹ̀kùn gbogbo ayé ló ń gbọ́ ohùn Atọ́nà tó fi ń ṣí, ṣùgbọ́n Gbénró ti yọ tirẹ̀ kúrò létí láti ọjọ́ pípẹ́. Adápinnu ni. Bí ilẹ̀kùn bá máa ṣí fún un, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi ṣí i.

"Méjì lọ́wọ́ rẹ, tìrẹ nìkan," ó ní. "Márùn-ún láàárín, ti gbogbo wa. Nínú méje yẹn, ṣa márùn-ún tó dára jù. Méjì tó jọra, ìbejì nìyẹn. Ìbejì lọ́nà méjì ju ẹyọ ìbejì kan lọ. Ìbẹta ju ìyẹn lọ. Márùn-ún tó tò tẹ̀ léra ju ìbẹta. Márùn-ún tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, bóyá gbogbo wọn jẹ́ ọkàn, bóyá gbogbo wọn jẹ́ ewé, ó ju èyí tó tò lọ. Ìbẹta tó bá ìbejì gbé pọ̀ ju ìyẹn náà lọ. Mẹ́rin tó jọra, bí o bá rí i, má mí!"

"Ta ló ní kí ìbejì kéré tó báyẹn?"

"Ẹni tó dá eré yìí sílẹ̀ kì í ṣe ọmọ Yorùbá!"

Ìbídùn rẹ́rìn-ín. Láti òwúrọ̀ ni kò ti rẹ́rìn-ín. Gbénró kó káàdì jọ, ó pò ó pọ̀, ó tún pín in.

"Kí wọ́n tó ṣí àárín, ọ̀rọ̀ á lọ yí ká. Wọn á ṣí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ á tún lọ yí ká. Wọn á ṣí ìkẹrin, ẹ ó sọ̀rọ̀. Wọn á ṣí ìkarùn-ún, ẹ ó sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹnì kankan ò bá tíì gbé ẹyọ, owó eré wa, kalẹ̀, o lè ní kó kọjá. Bí ẹnìkan bá ti gbé e, o lè tẹ̀ lé e, o lè fi kún un, tàbí kí o sọ káàdì rẹ sílẹ̀. Ó tán. Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ ni kò ní òpin."

"Kí ló dé tí wọn ò fi ayò dán wa wò? Mo mọ ayò ta."

"Ayò!" Gbénró fi ìka gbá àpótí. "Ọmọ ayò kò sá pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo rẹ̀ ló wà lójú ọpọ́n. Bí ayé bá rí bí ọpọ́n ayò, kí Atọ́nà máa darí wa lọ títí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni à ń rí, ìyàwó. Ohun tó kù dojú bolẹ̀. Òfin ní ẹni tó bá fẹ́ yọ Atọ́nà, kó kọ́kọ́ jókòó síbi tí kò ti mọ ohun gbogbo, kó sì yàn."

Wọ́n ta á títí ọwọ́ fi ń dun Ìbídùn. Nígbà àkọ́kọ́, gbogbo káàdì tí wọ́n bá fún un ló ń bá lọ, ẹyọ rẹ̀ sì ń tán. Gbénró ń kó o mì, ó ń kígbe mọ́ ọn pé àkísà ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pín fún èèyàn, ẹni tó bá sì ń di gbogbo àkísà mú ni tábìlì ń jẹ. Ó ní kó máa sọ ọ́ sílẹ̀, kó máa sọ ọ́ sílẹ̀, kó wá gbóná janjan lọ́jọ́ tí káàdì bá dára. Ó kọ́ ọ pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti gbọ́ tẹnu gbogbo èèyàn, nítorí náà káàdì tó rọ̀ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ lè le lọ́wọ́ ẹni ìkẹyìn.

"Ìhàlẹ̀ ńkọ́?" Ìbídùn bi í. "Ìgbà wo ni mo máa halẹ̀?"

"Ìhàlẹ̀ kì í ṣe irọ́ ṣákálá. Ìtàn ni. Láti ìgbà tí o ti sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìrù rẹ̀ kò bá bá orí mu, kò sí ẹni tó máa gbà á gbọ́. Má sì halẹ̀ mọ́ ẹni tí kì í sá. Inú ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé. Ó yá, wo káàdì rẹ. Ojú, Ìbídùn! Ojú!"

Nítorí ìyá rẹ̀ ló ṣe ń jìyà yìí. Màmá wà ní Ilé Ìtọ́jú Àgbà, níbi tí wọ́n ti ń wọn oúnjẹ fún un bí ẹni ń wọn oògùn, láìsí ata, láìsí iyọ̀. Ìran tirẹ̀ ti dàgbà kí òfin Atọ́nà tó dé, nítorí náà kò ní in létí. Ohun tí òfin sọ fún irú wọn ni pé Atọ́nà ọmọ wọn ni yóò máa pinnu fún wọn. Màmá fẹ́ padà sí Àgọ́-Odò, ìlú rẹ̀, kó máa gbé ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, ìrìn àjò orí omi sì gùn. Ìgbàkígbà tí Ìbídùn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun fẹ́ mú un lọ, Atọ́nà á ti dá àwọn Ilé Ìtọ́jú lóhùn pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Ohùn Atọ́nà sì ni ohùn Ìbídùn lójú òfin.

"Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni mí ni?" ni Màmá bi í nígbà tó lọ kí i kẹ́yìn. "Ìwọ ọmọ mi sì ni wọ́dà?"

Láti ọjọ́ náà, Ìbídùn kò lè jókòó sójú kan.

Láòyè, ọkọ rẹ̀, dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú ìdánwò. Ọmọbìnrin wọn, Mọ́rẹ̀nikẹ́, ti lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré.

"O ṣì máa lọ," Láòyè ní.

"Mo máa lọ, Bàbá Mọ́rẹ̀nikẹ́."

"Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Nígbà tí afárá já níjelòó, ta ni wọ́n mú?"

"Wọn ò mú ẹnì kankan."

"Nítorí kí ni? Nítorí Atọ́nà ló ní kí wọ́n kọ́ ọ síbẹ̀. Kò sí ẹlẹ́bi. Bí Màmá bá kú sí Ilé Ìtọ́jú lónìí, a ó sunkún, a ó sin wọ́n, kò sí ẹni tó máa nàka sí ọ. Ṣùgbọ́n bí o bá yọ nǹkan yẹn, tí Màmá wá kú sórí omi, ìwọ ló pa wọ́n. Ìwọ ni wọ́n máa mú wọ ilé ẹjọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí o rò nìyẹn."

Ìbídùn fẹ́ dá a lóhùn. Kó tó la ẹnu, Atọ́nà sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí pé, "Má bá a jiyàn. Sọ pé o máa rò ó." Ó gbọ́ ohùn náà. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, Láòyè á rọlẹ̀, àwọn méjèèjì á jẹun, ìrọ̀lẹ́ á sì dùn.

"Mo ti rò ó," ló sọ. "Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ṣì máa lọ."

Láòyè wò ó títí, ó yí padà wọlé. Nígbà tó yá, ó gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá fún un níbi tó dúró sí.

Tábìlì gidi kò ní ariwo. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù ba Ìbídùn ní Gbọ̀ngán Ìdápinnu lọ́jọ́ ìdánwò nìyẹn. Adájọ́ Ọlájùmọ̀kẹ́, obìnrin arúgbó tí irun rẹ̀ funfun báláú, fi ẹ̀rọ kékeré kan kan etí rẹ̀, Atọ́nà sì sùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Ìbídùn gbọ́ èémí ara rẹ̀.

"Ó ń sùn ni, kò kú," Adájọ́ ní. "Bí ìka rẹ bá kàn án, á jí, á sì sọ ohun tó yẹ kí o ṣe fún ọ. Ìdánwò ti parí nìyẹn. Bí yanrìn inú agogo yìí bá tán, tí ẹyọ iwájú rẹ kò sì dín sí iye tí o gbé wá, o ti yege. Bí ó bá dín, ó di ọdún mẹ́ta kí o tó tún lè wá."

Ọdún mẹ́ta. Màmá kò ní ọdún mẹ́ta.

Adápinnu méjì ló jókòó tì í láti dán an wò. Ọ̀gbẹ́ni Fátóògùn sanra, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti dí odò, kì í sọ̀rọ̀. Ìyáàfin Ọmọ́tóyè ní tirẹ̀ kò dákẹ́ rárá. Ó ń sọ nípa ẹsẹ̀ tó ń ro ó, nípa ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń hu eyín, ó sì ń fi ẹyọ kún ẹyọ láàárín ọ̀rọ̀.

Ìbídùn ń sọ àkísà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dákẹ́. Ó rí i pé Fátóògùn náà ń sọ tirẹ̀ sílẹ̀ lemọ́lemọ́, bí ẹni tí oorun ń kùn.

Wọ́n tún pín káàdì. Ìbídùn ká etí tirẹ̀ sókè díẹ̀, ó yọjú wò wọ́n. Ọba kan. Ọba kejì.

Ó fi kún ẹyọ tó wà nílẹ̀. Ọmọ́tóyè mí kanlẹ̀, ó sọ tirẹ̀ sílẹ̀. Fátóògùn tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣí mẹ́ta láàárín: éèsì, àgbà káàdì, tó jẹ́ ọkàn, mẹ́sàn-án tó jẹ́ ọkàn, mẹ́ta tó jẹ́ ewé. Fátóògùn ní kó kọjá, Ìbídùn gbé ẹyọ kalẹ̀. Fátóògùn tún tẹ̀ lé e, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ṣí ìkẹrin: mẹ́fà, ọkàn lòun náà.

Fátóògùn ló tún kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní kó kọjá lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi apá méjèèjì ti ẹyọ rẹ̀ síwájú, òkìtì ńlá.

Gbogbo ara Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ìbejì ọba! Láti àárọ̀ ló ti ń dúró de irú rẹ̀. Bóyá ìhàlẹ̀ ni. Bóyá Fátóògùn ti rí i pé ọmọ tuntun ni òun, ó fẹ́ dẹ́rù ba òun. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti ń sọ káàdì sílẹ̀ látàárọ̀. Ẹni tí kì í pariwo, bó bá pariwo ńkọ́? Bó bá ní éèsì kan lọ́wọ́, ìbejì éèsì ju ìbejì ọba lọ. Bó bá ní ọkàn méjì, ọmọ ìyá márùn-ún ti pé fún un. Bí òun bá tẹ̀ lé e tí òun sì pàdánù, yanrìn tó kù kò ní tó láti gbéra nílẹ̀.

Ìka rẹ̀ gbéra kúrò lórí tábìlì. Ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Níbẹ̀ ni ìdáhùn wà, lábẹ́ awọ etí, ó ń sùn. Kó kàn án báyìí, yóò mọ̀. Ó rí i pé Adájọ́ ń wo ìka òun. Fátóògùn náà ń wò ó.

Ó mú ìka náà sọ̀kalẹ̀. Ó ti ọba méjèèjì síwájú, wọ́n dojú bolẹ̀.

"Mo sọ ọ́ sílẹ̀."

Fátóògùn kó ẹyọ jọ. Ó ti káàdì tirẹ̀ sọ́dọ̀ Adájọ́ láìṣí wọn. Kò sí òfin tó ní kó ṣí wọn, nígbà tí kò sí ẹni tó tẹ̀ lé e dé òpin. Ìbídùn ń wo ẹ̀yìn káàdì méjèèjì yẹn bí ẹni pé ojú rẹ̀ lè gún wọn já. Ó dùn ún ju bó ṣe rò lọ.

Ẹyọ rẹ̀ ti dín, yanrìn sì ń sáré. Ó tún sọ àkísà sílẹ̀, ó tún sọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún un ní mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá, òun ló sì máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Fátóògùn sọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ́tóyè gbé ẹyọ kalẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ nípa eyín ọmọ náà. Ìbídùn tẹ̀ lé e. Àárín ṣí: olorì, ọmọ-ọba, mẹ́ta. Bí ọba tàbí mẹ́jọ bá lè jáde, márùn-ún yóò tò. Ọmọ́tóyè tún gbé ẹyọ kalẹ̀, Ìbídùn tún tẹ̀ lé e. Ìkẹrin jáde, mẹ́rin ni. Ọmọ́tóyè gbé e kalẹ̀, Ìbídùn tẹ̀ lé e. Ìkarùn-ún jáde.

Éèsì.

Kò sí nǹkan lọ́wọ́ Ìbídùn. Kò ní ìbejì pàápàá. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ tó ṣófo gbọ́ nǹkan kan. Ìyáàfin Ọmọ́tóyè ti dákẹ́. Ọ̀rọ̀ eyín ọmọ dá sáàárín.

"Kọjá," Ọmọ́tóyè ní, jẹ́jẹ́.

Éèsì yẹn ba Ọmọ́tóyè lẹ́rù. Ta ló máa ń tẹ̀ lé èèyàn pẹ̀lú sùúrù láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kì í fi kún un, tí kì í sá? Ẹni tó di éèsì mú, tó ń dúró de èkejì. Orí ìtàn náà ti wà nílẹ̀ láìmọ̀. Ìrù rẹ̀ ló kù.

Ìbídùn ka ẹyọ púpọ̀ sọ́tọ̀, kò yára, kò lọ́ra. Ó tì í síwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti ń gbọ̀n látàárọ̀ ń lu ilẹ̀ kìkìkì, ó fi orúnkún kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọmọ́tóyè wò ó. Ó wo àárín. Ó tún wò ó.

"Ọmọ yìí, o ti rí i, àbí?" Ó ju olorì kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó ṣí i kí gbogbo ayé lè rí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Máa kó o lọ."

Yanrìn tán kí wọ́n tó pín òmíràn. Adájọ́ Ọlájùmọ̀kẹ́ wọn ẹyọ iwájú Ìbídùn, ó mi orí. Ó lé díẹ̀.

"O yege." Arúgbó náà fà sẹ́yìn lórí àga. "Kí n tó yọ ọ́ kúrò létí rẹ. Ìbejì ọba tí o sọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tábìlì yìí ń ka káàdì, ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ Fátóògùn. Bí o bá fẹ́, màá sọ fún ọ. Kò ní ba ìdánwò jẹ́ mọ́."

Ìbídùn wo Fátóògùn. Ọkùnrin náà ń wọ bàtà rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ń jó o nínú bí ata. Bí òun bá mọ̀, òun á sùn dáadáa. Tàbí òun kò ní sùn mọ́ láé.

"Mo fẹ́ mọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi, Mà."

Adájọ́ nawọ́ sí etí rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé Màmá sínú ọkọ̀ ojú omi. Láòyè ló gbé e lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté. Ó to ìrọ̀rí sẹ́yìn rẹ̀, ó sì dúró sétí omi títí wọn kò fi rí i mọ́. Ọkọ̀ náà kò ní awakọ̀. Ó ń gbọ́ Atọ́nà àwọn èrò inú rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí kò rí Atọ́nà kankan, ẹnu ló fi ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ Ìbídùn bí àlejò.

Wọ́n ti dé agbami nígbà tí èémí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ètè rẹ̀ ṣú dúdú. Ìbídùn fún un ní oògùn, ó tú ọrùn aṣọ rẹ̀.

"Ẹnìkan nínú ọkọ̀ yìí kò mí dáadáa," ọkọ̀ ní. "Ṣé kí n padà, àbí kí n máa lọ? Mo ń dúró de ọ̀rọ̀ rẹ."

Ọkọ̀ dúró lójú omi, ó ń mì lọ, ó ń mì bọ̀. Ìbídùn wo ẹ̀yìn; òkè ìlú ti di òjìji. Ó wo iwájú. Omi nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí ohùn kankan létí rẹ̀. Ìbẹ̀rù gbá a mú débi pé ó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. "Màmá, ọkàn yín ti rẹ̀. Bí a bá padà, dókítà wà níbẹ̀. Bí a bá ń lọ, mi ò mọ̀ bóyá a ó débẹ̀. Mi ò mọ̀, Màmá. Kí lẹ fẹ́?"

Màmá la ojú. Ó pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní irú ìbéèrè yẹn. Ó mí, ó tún mí.

"Ìdájì ọ̀nà kọ́ ni mo ń lọ," ó ní.

"Máa lọ," Ìbídùn sọ fún ọkọ̀.

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà ìyá rẹ̀, kò gbé e kúrò mọ́. Ó ń gbọ́ bí ó ṣe ń lù, tó ń fo ọ̀kan, tó tún ń lù. Oòrùn yí sí apá kejì. Èémí náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Màmá sùn, apá Ìbídùn kú tipiri, kò sì mú un kúrò.

Nígbà tí òrùlé Àgọ́-Odò yọ láàárín igi àgbọn, Màmá ti jí. Ó ń wo àwọn òrùlé náà. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, ó wá dà bí ẹni tí ẹ̀rù bà.

"Ìbídùn! Irun mi!"

"Kí ló ṣe é, Màmá?"

"Wò ó bó ṣe rí wúruwùru. Ṣé báyìí ni kí n ṣe wọ ìlú? Kí wọ́n máa fi mí ṣẹ̀sín? Wá dì í fún mi kíá, ká tó gúnlẹ̀."

Ìbídùn ní kí ọkọ̀ rọra máa lọ. Ó jókòó sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó gbé orí náà lé itan, ó sì fi ìka la irun funfun náà sí méjì.